Àmì Tí Kò Sí Lábẹ́ Ìrora

Kí n tó dé Èkó, mo rò pé Yorùbá ni mí. Ní Kétu tí wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé irú èèyàn wo ni mí. A ní ọba, a ní oríkì, a sì ní àwọn àgbà tó lè pa ìtàn wa títí oorun á fi gbé olùgbọ́ lọ. Mo wá dé Muṣin, mo la ẹnu kí obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ní Ìdí-Òro. Ó wojú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ègùn lèyí." Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní rárá, Àgànyìn ni. Wọ́n jiyàn lé mi lórí bí ẹni ń yẹ ẹran wò, wọn ò sì ta búrẹ́dì náà fún mi títí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ wọn.

N ò ní nǹkan kan sí àwọn Ègùn. Èèyàn gidi ni wọ́n, wọ́n sì ní èdè tiwọn tí wọn kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó bá wọn sọ. Ohun tó bí mi nínú ni pé àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ kò lè sọ gbólóhùn Yorùbá kan délẹ̀ láìfi èdè òyìnbó lú u. "Ẹ̀gbọ́n, háù fá, ṣé ẹ ti fíníìṣì iṣẹ́ yẹn ni?" Ẹni tó ń sọ irú eléyìí ló ń fi ohùn mi rẹ́rìn-ín! Wọ́n á tún na àyà síwájú, wọ́n á ní Èkó ò gba gbẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Gbẹ̀rẹ̀ tí mo rí ní Èkó, n ò rí irú rẹ̀ ní Kétu rí. Wọ́n kàn ń sáré ṣe é ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìdòwú, ló ti wà ní Muṣin ṣáájú mi. Pánẹ́ẹ̀bítà ni. Tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, tí ara rẹ̀ rún, òun ló ń fi òòlù nà án títí yóò fi tọ́. Òun ló ránṣẹ́ pè mí, tó sì wá iṣẹ́ fún mi ní yáàdì kan náà, pé kí n máa kun àwọn mọ́tò tó bá ti nà tán. Yàrá kan là ń gbé, òun lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi lórí ẹní. Tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí a jẹ ẹ̀bà tán, a ó máa fi ohùn Kétu bú gbogbo ẹni tó ti fi wá ṣẹ̀sín lọ́sàn-án. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ́ ara mi ní gbogbo Èkó. Bí mo bá pàdánù ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó mọ ẹni tí mo jẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì máa ń bà mí lẹ́rù.

Iwájú yáàdì wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà wà. Kẹ́míìsì ni. Ó ti gbálẹ̀ rí ní ọsibítù kan, ibẹ̀ ló sì ti jí ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀ kó, bí ẹni jí ẹ̀pà. Ó ní aṣọ funfun, ó ní bírò mẹ́rin láyà tí ọ̀kan nínú wọn kò yọ yíǹkì. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sórí pátákó gàgàrà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé: A N GUN ABẸRẸ IRORA NIBI.

Ìyá mi ló fi Bíbélì kọ́ mi ní ìwé Yorùbá. Nígbà yẹn, tí mo bá ka "ọ" bí ẹni ń ka "o", á fi ìka kàn mí lórí pé àmì tó wà nísàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ìgbẹ́ eṣinṣin. Nítorí náà mo mọ ohun tí mo ń wò. Ìrọra ni Dókítà fẹ́ kọ, ìyẹn ni pé kí ara rọ èèyàn, kó balẹ̀. Kò fi àmì sábẹ́ "o" rẹ̀, ló bá di ìrora. Ọkùnrin náà gbé pátákó sójú títì, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ń gún èèyàn ní abẹ́rẹ́ ìrora, wọ́n sì ń tò síwájú rẹ̀! Mo dúró, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rín ní Èkó nìyẹn. Mo sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ju òòlù sílẹ̀.

Ní Muṣin, kò sẹ́ni tí nǹkan kan kì í ro. Iṣẹ́ tí a ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tó ń ṣàánú ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ará Èkó kò gbà pé ó yẹ kí nǹkan ro òun rárá. Orí fọ́ ọ, o gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mì. Ìyàwó bú ọ, o gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mì. O kò mọ ohun tó ń ṣe ọ́, o gbé méjì mì kí o lè mọ̀ ọ́n. Tó bá wá le díẹ̀, abẹ́rẹ́ ni. Dókítà gidi tí kò bá gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á ní kò mọ iṣẹ́, wọ́n á sì gba ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gún wọn lọ.

Tiwa ní ilé bàbá mi yàtọ̀, n ò sì ní pọ́n ọn lé ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkùnrin ilé wa kì í sọ pé ó ń ro òun. Bí o bá béèrè pé ṣé ara le, "a dúpẹ́" ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn, ì báà jẹ́ pé apá ti já. Bàbá wa fi "a dúpẹ́" dáhùn títí inú rírun fi pa á, ọjọ́ tó kú la tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń run ún. Orí kunkun lásán ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ mọ́tò kan tó fẹ́ nà. Jáàkì tó gbé e dúró yọ̀. Mọ́tò náà jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Kò ké. Mo gbọ́ tí eegun kán, mo sì gbọ́ tí ó fa èémí wọlé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo yáàdì pé lé e lórí, a gbé mọ́tò sókè, a fà á yọ. Ọ̀gá tó ni yáàdì náà sáré jáde látinú ọ́fíìsì rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sì bi wá ni pé, "Ṣé kò kan bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn?" N ò tíì gbàgbé. Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, n ò ní gbàgbé bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ní ọsibítù ìjọba, wọ́n to eegun náà, wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì í. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, kò sì pẹ́ tí ojú rẹ̀ tó ti fún pọ̀ láti àárọ̀ fi tú. Ó bá mi rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tí àìsàn fòníkúfọ̀ladìde ń bá jà, igbe rẹ̀ sì ń la orí èèyàn. Oògùn kan náà ni nọ́ọ̀sì wọ̀n fún un, tó dúró tì í, tó ń wo bó ṣe ń mí. Ọmọ náà sùn. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún ọpẹ́. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé oògùn ni mò ń bá jà. Oògùn náà dára. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, àánú ni.

Dókítà tó tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin ni, kò sì fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Nígbà tó fẹ́ jẹ́ ká máa lọ, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ṣé o rí abẹ́rẹ́ tí a fún wọn yẹn? Ẹbí kan náà ni òun àti mọ́fíìnì. Ó máa ń gbé ìrora lọ, ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ lára, òun fúnra rẹ̀ ò ní fẹ́ lọ mọ́. Èyí tí a fún wọn ti tó. Parasẹtamọ́ọ̀lù ló kù. Á ṣì ro wọ́n díẹ̀, kò burú, eegun ló ń jinná. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun máa gún wọn ní irú ẹ̀ nílé, lé e."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú símẹ́ńtì nígbà tí Ọ̀gá wá kí wa nílé. Inú mi dùn, mo rò pé ojú ti ń tì í. Àṣé kò dá wá. Dókítà iwájú yáàdì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ìdòwú, àwọn kọ́sítọ́mà ń yọ mí lẹ́nu o. Ọwọ́ la fi ń lu òòlù, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ìwọ ṣáà jókòó lórí àga kan, kí o máa nà án lọ."

Mo ní, "Ọ̀gá, ó ń dùn wọ́n. Wọn ò tíì lè jókòó pẹ́."

"Ìyẹn ni mo ṣe mú Dókítà wá."

Dókítà ti ń yọ síríńjì. "Ẹ̀gbọ́n, nó wọ̀rí. Abẹ́rẹ́ ìrọra ni. Ṣáápù-ṣáápù báyìí, ẹ máa gbàgbé pé ẹ lẹ́sẹ̀."

Mo ní, "Dókítà ọsibítù ní kí ẹnikẹ́ni má gún wọn mọ́."

Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó wá wo Ọ̀gá. "Ẹ gbọ́ Yorùbá ẹ̀ o! Àgànyìn, ìwọ lo wá kọ́ mi níṣẹ́? Lọ gbọ́ èdè ná, kí o tó gbọ́ ìṣègùn."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi pé kó lé wọn. Ó ti ń ká ṣòkòtò sókè. "Jẹ́ kó gún mi," ló wí. Bí ó bá ti lè sọ fún wọn pé ó ń ro òun, pé òun fẹ́ sinmi, bóyá gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí ò ní ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Ó rọrùn fún un láti gba abẹ́rẹ́ ju kó la ẹnu lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Wọ́n gbé aláta wá sí yàrá wa, wọ́n tún ní ká kí i kú iṣẹ́.

Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ bá Kétu sọ̀rọ̀ ní láti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ìpè tẹlifóònù ní Yábàá. A ó ti ránṣẹ́ ṣáájú nípasẹ̀ awakọ̀ kan, kí Màmá lè wá dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ohùn rẹ̀ máa ń jáde bíi pé inú kànga ló wà, á sì máa pariwo kí ohùn náà lè gba ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀.

"Ìdòwú ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Wọ́n ti padà síbi iṣẹ́, Màmá."

"Iṣẹ́ kọ́ ni mo béèrè. Mo ní, ṣé ara rẹ̀ le?"

Ọkùnrin tó ń ta ìpè ń wo aago rẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa gbàdúrà, Màmá."

Ó ní, "Ọmọ tó bá ní kí n máa gbàdúrà, ó ti rí nǹkan. Mú un wá sílé fún mi. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni o, má gbé e wá."

Wọ́n gé símẹ́ńtì kúrò, ẹsẹ̀ náà jinná, ó wọ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń rìn. Abẹ́rẹ́ kò jinná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Dókítà ló ń wá bá a; nígbà tó yá, òun ló ń rékọjá títì lọ bá Dókítà. Ohun tó tó o lánàá kò tó o mọ́ lónìí. Itan rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gún un le bíi pákó. Ìgbọ̀nsẹ̀ di ogun fún un. Tó bá ti gbà á tán, á jókòó sójú kan, á máa tòògbé, ọwọ́ á máa họ imú. Mo lè fi ohùn Kétu bú Ọ̀gá títí ẹnu mi á fi gbẹ, kò ní fèsì. Àwọn tó ń ṣàánú ẹni tó dá gbé lókèèrè kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó ń bá èèyàn gbé tí kò rí i, ìyẹn gan-an ni kí wọ́n máa káàánú.

Dókítà lọ sìnkú ní ìlú rẹ̀ nígbà kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yán léraléra. Imú rẹ̀ ń domi. Ara rẹ̀ ṣù bí adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ́, inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbogbo eegun ara rẹ̀ ń fọ́ ọ. Gbogbo àdúgbò di oníṣègùn. Ibà ni! Ẹ se ewé fún un! Ìyá oníbúrẹ́dì tó pè mí ní Ègùn gbé àgbo wá, kò sì ṣiṣẹ́. Dókítà ti ìlú rẹ̀ dé, ó wò ó fìrí, ó ní, "Ibà lásán," ó fa ìrọra sínú síríńjì. Ká tó tẹ ẹ̀bà tán, ibà ti lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un! N ò rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó bi í pé ibà wo ló ń gbọ́ràn sí abẹ́rẹ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu. Ọkùnrin náà dá àìsàn sílẹ̀, ó sọ ọ́ lórúkọ àìsàn mìíràn, ó wò ó sàn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ń kí i kú iṣẹ́. Tí wọ́n bá ń pe Èkó ní ìlú ọlọgbọ́n lójú mi báyìí, n kì í dá wọn lóhùn.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn. Mo jókòó tì í ní ọjọ́ kejì, kí ara rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín ti jinná. Níbo ló tún ń ro yín?"

"Kò síbì kankan tó ń ro mí."

"Kí lẹ wá ń gba abẹ́rẹ́ fún?"

Ó wò mí bíi pé òpè ni mí. "Ìyẹn náà ni mo ń gbà á fún. Kí ibì kankan má baà ro mí. Ìwọ, kò rẹ̀ ọ́ ni? Gbogbo ohun tó wà níbí kò ro ìwọ ni?"

Ó ń ro èmi náà. Ó ń ro mí láti ọjọ́ tí mo ti ra búrẹ́dì yẹn.

Ọjọ́ tó fẹ́ kú, ọjọ́ ìmọ́tótó ni. Ẹni tó bá dàgbà á rántí: Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, kò sí mọ́tò kankan tó gbọ́dọ̀ rìn láàárọ̀, oníkálukú á dúró síwájú ilé rẹ̀, á máa kó gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n mi ti mu páráàga, ọtí líle tí wọ́n ń da egbòogi sí. Ó wá gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Dókítà nítorí wọ́n ti iwájú ṣọ́ọ̀bù pa. Nígbà tí mo fi kó gọ́tà tán tí mo wọlé, ó nà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń hanrun lọ́nà kan tí n ò gbọ́ rí. Ètè rẹ̀ ti dúdú bíi ti ẹni jẹ èso. Á mí, á dúró. Mo ń retí ìkejì, kò wá. Mo gbá a létí, ó mí.

Mo sáré lọ gbá ilẹ̀kùn Dókítà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò mí dáadáa! Mélòó lẹ fún wọn?"

Kò ṣí i. Ojú fèrèsé ló ti fèsì. "Ó ń sùn ni jàre. Jẹ́ kó gbádùn." Ó sì ti fèrèsé náà pa. Ọkùnrin tó ní bírò mẹ́rin láyà nìyẹn.

Ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó irin ní yáàdì ni mo lọ wọ́ jáde. Mo gbé ẹ̀gbọ́n mi lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ lójú títì tó ṣófo. Gbogbo Muṣin dúró sẹ́bàá gọ́tà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ẹni kan ní kí n padà, pé ìmọ́tótó ò tíì parí. Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo fi ohùn Kétu sọ fún un. Kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀, àfi ìyá oníbúrẹ́dì. Ó ju ìgbálẹ̀ rẹ̀ sínú gọ́tà, ó di ẹ̀gbẹ́ kan mú. "Ègùn, tì í!" ló ń pariwo. "Tì í! Èmi á máa gbá a létí!" Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Bí èémí bá ti dúró, á gbá a létí, á ní, "Mí, ìwọ ọmọ yìí, mí!" Láti ọjọ́ náà, ó lè pè mí ní ohun tó bá wù ú.

Ní ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà bo imú àti ẹnu rẹ̀, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń lé ti Dókítà kúrò. Dókítà obìnrin ìjọsí ló wà níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti ń dá mí fúnra rẹ̀, ó wá bá mi.

"Ó mu ọtí mọ́ ọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Abẹ́rẹ́ yẹn, tó bá pọ̀, máa ń jẹ́ kí ara gbàgbé láti mí. Ọtí náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ fi méjèèjì sí ara kan, ta ló kù tó máa rántí?" Ó ní wọn ò ní dá abẹ́rẹ́ náà dúró lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yóò máa dín in kù lójú àwọn, àti pé á le fún un. "Má ṣe bú u," ló fi kún un. "Àìsàn ni."

N ò bú u. Mo ní ẹlòmíràn láti bú. Nígbà tí mo padà dé àdúgbò, ìmọ́tótó ti parí, Dókítà ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn ti tò síwájú rẹ̀. Mo dúró lábẹ́ pátákó rẹ̀, mo gbé ohùn sókè bí oníwàásù.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi kà á! Kí ló kọ síbẹ̀? Ìrọra ni àbí ìrora?"

Wọ́n gbé ojú sókè. Ó hàn pé kò sẹ́ni tó tíì kà á rí.

"Níbo ni àmì wà? Ẹ fi hàn mí! Kò sí! Ìrora ló ń tà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síta, ẹ̀yin lẹ ò lójú!"

Dókítà jáde. "Kí ni wàhálà Àgànyìn yìí?"

Ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì tó tò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ha! Òótọ́ ló wí o! Dókítà Ìrora!" Ló bá tán. Kí oòrùn tó wọ̀, orúkọ náà ti dé ọjà Ojúwòyè. Àwọn ọlọ́pàá kò ṣe é ní nǹkan kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀gá ní ẹjọ́ kò sí níbẹ̀. Mo ti wá mọ Èkó nígbà yẹn: ẹni tó bá ń pa èèyàn díẹ̀díẹ̀, wọn kì í fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣi ìwé kọ, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi kó kúrò.

Ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ ní ọsibítù. Ó bú mi, ó bẹ̀ mí, ó ní n kì í ṣe àbúrò òun mọ́. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti padà wá sí àyè rẹ̀. Kò wọ yáàdì mọ́. Ọ̀gá ránṣẹ́ pé òòlù rẹ̀ ń dúró dè é. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé kó fi na bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo sin ẹ̀gbọ́n mi dé ìdíkọ̀, ó wọ ọkọ̀ Kétu, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi gun un.

Lẹ́yìn ìyẹn yàrá náà fẹ̀ jù. Kò sẹ́ni tí mo lè fi ohùn wa bá bú ẹnikẹ́ni. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n ní kẹ́míìsì ní Kétu náà, mo sì mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ bá tún ń wu ẹ̀gbọ́n mi, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọjọ́ ìpè pé, mo lọ sí Yábàá, mo ń retí ohùn Màmá.

"Àbúrò."

"Ẹ̀gbọ́n? Ta ló gbé yín dé ilé ìfìwéránṣẹ́?"

"Mo fẹsẹ̀ rìn ni."

"Ṣé ara le?"

Mo ń dúró de "a dúpẹ́".

"Ó ń ro mí," ló wí. "Ẹsẹ̀ yẹn. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, ó máa ń ro mí gan-an."

Mo di tẹlifóònù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Kí lẹ wá ṣe sí i?"

"Mo sọ fún Màmá. Ó fi omi gbígbóná jó o fún mi. Ó ṣì ń ro mí, ṣùgbọ́n kò burú."

Mo sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó ń dúró de ìpè. Ọkùnrin tó ń ta á ní àkókò mi ti pé, mo ní kó ṣe sùúrù. Ó ṣe sùúrù.

Ọ̀sẹ̀ náà ni Dókítà wá bá mi ní yáàdì, níbi tí mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ funfun náà ti pọ́n. Ó dúró jìnnà sí mi, ó ń wo búrọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ mi àti agolo ọ̀dà pupa tí mo fẹ́ fi kun mọ́tò kan.

"Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi "ẹ" kí mi. "Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ pátákó yẹn ni. Wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́, àwọn èèyàn ò yà mọ́. Àmì kékeré báyìí ni, kò ju ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án lọ. Ẹ bá mi fi sí i. Ní gbogbo àdúgbò yìí, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé Yorùbá jù."

Mo wo òdìkejì títì. Pátákó náà wà níbẹ̀, IRORA rẹ̀ pupa fòò lójú oòrùn. Mo wo òun náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú, Dókítà," ni mo wí. "Ègùn ni mí. N ò gbọ́ Yorùbá."

Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo, mo sì yíjú sí mọ́tò tí mò ń kùn.